Bí A Ṣe Lè Fi Àwọn Oògùn Oorun Àfàsímú Wéra fún Iṣẹ́ Abẹ Oníhò Kékeré

Nígbà tí a bá fẹ́ yọ àpò òróòro kúrò ní ikùn aláìsàn láì la ikùn náà gbalaja, ihò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin la máa ń lu sí i. A ó fi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn náà, a ó sì ti kámẹ́rà tín-ínrín gba inú ihò kan wọlé. Iṣẹ́ abẹ yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní laparoscopy, kì í fi ojú ọgbẹ́ ńlá sílẹ̀, aláìsàn sì sábà máa ń lọ sílé láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Erich Mühe ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí yọ àpò òróòro, ní ìlú Böblingen ní Jámánì, lọ́dún 1985. Iṣẹ́ náà ti tàn káàkiri láti ìgbà náà, ó sì gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwa tí a ń fún aláìsàn ní oorun: nínú àwọn oògùn oorun tí a ń fà símú, èwo ni yóò jẹ́ kí ara aláìsàn dúró déédéé nígbà tí ikùn rẹ̀ bá kún fún afẹ́fẹ́, tí yóò sì tún jẹ́ kó tètè jí, kí ojú rẹ̀ dá, kí èébì má sì máa gbé e?

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ oorun ní tíátà, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn wọ̀nyí ń rò nígbà tí wọ́n bá ń yan oògùn fún ẹbí rẹ̀. Oògùn mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: halothane, isoflurane, sevoflurane àti desflurane. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ṣì ń lo halothane àti isoflurane. A lè rí sevoflurane ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Desflurane kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi síta kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn oògùn yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe lo oògùn sábà máa ń nípa lórí aláìsàn ju èyí tí a mú lò lọ. Halothane nìkan ni èrò yìí kò bá mu, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí afẹ́fẹ́ inú ikùn ń ṣe sí ara

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí afẹ́fẹ́ inú ikùn ń ṣe yóò máa di ẹ̀bi ohun gbogbo ru oògùn. Kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, tí a ó máa pè ní CO2, ni afẹ́fẹ́ tí a ń lò, nítorí pé kì í gbiná, ẹ̀jẹ̀ sì tètè ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí a lè mí i jáde. A máa ń fẹ ikùn títí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tó mmHg 12 sí 15. Tó bá ti dé ìwọ̀n yìí, yóò máa tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà yóò sì dínkù. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ yòókù yóò fún pọ̀, ìfúnpá yóò gòkè, ọkàn yóò sì máa ti ẹ̀jẹ̀ tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn, ó máa ń dín ní ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹ̀rọ lè máa fi ìfúnpá tó dára hàn wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ara kò tó bó ṣe yẹ. Ikùn tó wú náà yóò tún ti iṣan tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn sókè, ẹ̀dọ̀fóró kò ní ráyè fẹ̀ dáadáa, CO2 inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa lọ sókè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí ó tó dúró sójú kan.

Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé gan-an ló gba ìṣọ́ra jù. Bí awọ inú ikùn bá nà lójijì, iṣan tí a ń pè ní vagus lè dá ọkàn lọ́wọ́ kọ́, kí ìlù rẹ̀ tó jẹ́ 75 já wá sí 40 ká tó ṣẹ́jú péré. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni kí a sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà jáde. Atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn yára lù, ló tẹ̀lé e. A kò gbọdọ̀ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí sílẹ̀ bí àbùkù oògùn oorun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé halothane, tí òun fúnra rẹ̀ ń mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀, lè mú kó burú sí i.

Bí a ṣe tẹ́ aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì náà ní ipa tirẹ̀. Fún àpò òróòro, orí ni a ń gbé sókè, a ó sì yí ara rẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì, ẹ̀jẹ̀ yóò wá dúró sí ẹsẹ̀, ìfúnpá yóò sì sọ̀. Fún iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ àti ìsàlẹ̀ ikùn, orí ló máa ń wà nísàlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró yóò sún sókè, túùbù ọ̀fun sì lè yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún nìkan. Ẹ fetí sí àyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá ti yí bẹ́ẹ̀dì tán.

Kí ìwéra tó lè tọ́

Ìwọ̀n kan wà tí gbogbo wa fi ń wọn agbára oògùn oorun àfàsímú, MAC ni orúkọ rẹ̀. MAC 1 ni ìwọ̀n oògùn nínú ẹ̀dọ̀fóró tó jẹ́ pé, bí a bá fi ọ̀bẹ kan awọ ara, ìdajì àwọn ènìyàn kò ní mira. Fún ẹni tó tó nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.75% fún halothane, 1.2% fún isoflurane, 2% fún sevoflurane àti 6% fún desflurane. Ẹni tó bá fi sevoflurane 2% wé desflurane 3% kò tíì fi nǹkan kan wéra, nítorí pé aláìsàn àkọ́kọ́ ti gba odidi MAC kan, èkejì sì wà ní ìdajì. MAC tún máa ń dínkù bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, ní nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́yìn ogójì ọdún. Fún àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún, sevoflurane 1.5% ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó MAC 1. Bí a bá gbé 2% fún bàbá arúgbó àti fún ọ̀dọ́mọkùnrin, tí ìfúnpá bàbá wá já wálẹ̀, tí ó sì pẹ́ kó tó jí, oògùn kọ́ ló ṣẹ̀.

Iye tó yẹ kí a máa kà ni èyí tí aláìsàn ń mí jáde ní òpin ìmí rẹ̀, bí ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn nínú ìmí bá wà. Iye tó wà lójú vaporizer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn oorun di afẹ́fẹ́ fífàsímú, kò tó láti gbára lé. Àwọ̀ ni a fi ń dá àwọn vaporizer mọ̀: pupa ni ti halothane, àwọ̀ àlùkò ni ti isoflurane, àwọ̀ ìyeyè ni ti sevoflurane, búlúù sì ni ti desflurane. Èyí pupa ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn tó ń ṣe halothane máa ń fi èròjà kan tí ń jẹ́ thymol sínú rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n thymol kì í gbẹ bí halothane ṣe ń gbẹ. Ó máa ń ṣẹ́ kù sínú vaporizer, yóò ki, yóò di àwọ̀ ilẹ̀, títí ojú vaporizer yóò fi le láti yí, tí ohun tó ń jáde kò sì ní bá iye tí a kọ sára rẹ̀ mu mọ́. Bí ẹ bá rí i pé ohun tó wà lójú ìwò-ìgò rẹ̀ ti yí padà sí àwọ̀ ilẹ̀, ẹ má fi í wé nǹkan kan títí a ó fi tú u sílẹ̀, tí a ó fọ̀ ọ́, tí a ó sì tún un wọ̀n.

Lẹ́yìn MAC, gbogbo ohun yòókù gbọ́dọ̀ bára mu bó bá ti lè ṣeé ṣe tó: ìwọ̀n fentanyl (oògùn apàrora) kan náà, agbára afẹ́fẹ́ kan náà nínú ikùn, bí a ṣe tẹ́ aláìsàn, omi tí a fà sí i lára, àti CO2 òpin ìmí tó wà láàárín mmHg 35 sí 45. Kí CO2 lè wà níbẹ̀, a sábà máa ń fi nǹkan bí ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń mí fún aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó sàn kí a mú kó mí léraléra sí i ju kí a máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró tí kò ráyè lọ.

Bí oògùn ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀, àti bó ṣe ń jáde

Bí aláìsàn yóò ṣe tètè jí tó wà lọ́wọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mu oògùn náà tó. Oògùn tí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ń mu púpọ̀ dà bí omi lára aṣọ òfì: ó pẹ́ kó tó rin ín dé inú, nígbà tí a bá sì sá a, gbogbo ọ̀sán ni yóò fi gbẹ, nígbà tí léèsì tí a sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Ìṣirò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mu ún jẹ́ nǹkan bíi 0.42 fún desflurane, 0.65 fún sevoflurane, 1.4 fún isoflurane àti 2.4 fún halothane. Bí iye náà ṣe kéré tó ni oògùn ṣe ń tètè jáde tó. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé ìyàtọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ abẹ ìdajì wákàtí. Bí iṣẹ́ bá ṣe gùn tó, tí ara aláìsàn sì ṣe ní ọ̀rá tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa hàn. Èkejì ni pé ẹ̀dọ̀fóró ni oògùn ń gbà jáde, nítorí náà aláìsàn tí kò mí dáadáa kò ní tètè jí, ì báà jẹ́ desflurane ni a fún un.

Halothane wọ tíátà ní Manchester ní ọdún 1956, nígbà tí Michael Johnstone kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ó sì ṣiṣẹ́ fún aráyé púpọ̀, nítorí pé kì í gbiná bí ether tí a ń lò látijọ́, òórùn rẹ̀ kò sì ta ni nímú. Fún iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, àléébù rẹ̀ pọ̀. Àwọn oògùn mẹ́ta yòókù ń dín ìfúnpá kù nípa pé wọ́n ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, èyí sì ń tako bí afẹ́fẹ́ inú ikùn ṣe ń fún àwọn òpó náà pọ̀. Agbára ọkàn ni halothane ń dín kù ní tirẹ̀. Ọkàn tí ó ti rẹ̀ ni yóò wá máa ti ẹ̀jẹ̀ gba inú òpó tó fún, ohun méjì tí kò dára pàdé ara wọn nìyẹn. Halothane tún ń jẹ́ kí adrenaline tètè da ìlù ọkàn rú, bẹ́ẹ̀ CO2 tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kí ara tú adrenaline sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń lọ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó sì ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ jẹ́ gan-an, pàápàá àwọn tí a tún fún lẹ́ẹ̀kejì láìpẹ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fún aláìsàn tó bá ti gbà á láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Isoflurane kì í dààmú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ó lè mú kí ọkàn sáré díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta nímú tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í bẹ̀rẹ̀ oorun. Kò wọ́n, ara kì í sì lọ ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lára, ẹni tó bá sì mọ ìgbà tó yẹ kó pa á lè borí èyí.

Sevoflurane ni ọ̀pọ̀ wa máa ń nawọ́ sí. Kì í ta nímú, ìlù ọkàn kì í yàtọ̀ púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì tètè ń wọlé, ó tètè ń jáde. Ara ń lọ nǹkan bí ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí ó bá kan èròjà tí ń fa CO2 mọ́ra nínú ẹ̀rọ oorun, ó máa ń di ohun kan tí wọ́n ń pè ní Compound A, èyí tó ba kíndìnrín eku jẹ́ nínú ìwádìí. A kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn nínú ìlò ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìlànà Amẹ́ríkà tó wà lára oògùn náà ṣì sọ pé kí afẹ́fẹ́ tuntun má ṣe dín sí líítà 1 ní ìṣẹ́jú kan.

Desflurane ni ó yára jù, òun náà ló sì ń fẹ́ ìtọ́jú jù. Ó ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 23 lórí Celsius, ìyẹn ni pé ní tíátà tí ẹ̀rọ amúlétutù kò ti ṣiṣẹ́, yóò máa hó nínú ìgò fúnra rẹ̀. Nítorí èyí, vaporizer tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi iná mànàmáná gbóná dé ìwọ̀n 39 kí ó lè tú u jáde déédéé. Ẹ kò nílò kí n sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbi tí iná kì í ti í dúró. Ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun, ó ń fa ikọ́ àti kí ọ̀fun pa dé, a kò sì gbọdọ̀ fi í bẹ̀rẹ̀ oorun, pàápàá fún ọmọdé.

Bí a ṣe ń yí vaporizer nígbà tí ikùn bá wú

Ibí yìí ni ọwọ́ oníṣẹ́ oorun ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Oníṣẹ́ abẹ ti ń fẹ ikùn, ìfúnpá aláìsàn tó jẹ́ 120 tẹ́lẹ̀ ti di 165, gbogbo ojú sì wà lára ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ desflurane la ń lò, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ síbi vaporizer búlúù náà, yóò sì yí i láti 6% sí 9% lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfúnpá náà yóò tún ga sí i, ọkàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Bí a bá gbé desflurane sókè lójijì kọjá MAC 1, ńṣe ló máa ń ta ara jí, tí ara yóò sì máa tú adrenaline sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á wá rò pé oorun kò tíì tó, yóò sì tún yí i sókè. Ohun tó yẹ ni pé kí a fún aláìsàn ní fentanyl díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọ ikùn, kí a máa yí desflurane ní ìdajì tàbí odidi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì bẹ oníṣẹ́ abẹ pé kó fi sùúrù fẹ ikùn náà, kó sì dúró sí mmHg 12 bí ibi tó ń ṣiṣẹ́ bá ti hàn sí i dáadáa.

Sevoflurane kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A lè gbé e láti 2% sí 3% láì rí irú ìdààmú yìí, èyí sì wà lára ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù fún ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò le. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ pẹ̀lú òun àti isoflurane ni òdìkejì rẹ̀: a gbé oògùn sókè nítorí ìfúnpá tó ga, a gbàgbé láti dá a padà, oníṣẹ́ abẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ìfúnpá sì já bọ́ sí 75. Ní kété tí ẹ bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ inú ikùn ti parí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí yí i wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ náà tó jáde.

Nitrous oxide ń kọ́? Bí a bá pò ó mọ́ oògùn wọ̀nyí, ó ń dín ìwọ̀n tí a nílò kù. Ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ìfun, ó ń mú un wú níwájú oníṣẹ́ abẹ, ó sì ń fi kún èébì. Mi ò rí ìdí tí a fi nílò rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Bí a ṣe ń wọn ìtají

Ojú ibi tí ìwéra ti máa ń wọ́ jù nìyí, nítorí pé oníkálukú ń ka àkókò láti ibi tó bá wù ú. Ìgbà tí a bá pa vaporizer ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí oníṣẹ́ abẹ parí rírán awọ. Kí ẹ kọ ìgbà tí aláìsàn la ojú nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, ìgbà tó fún ọwọ́ wa nígbà tí a ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí a yọ túùbù, àti ìgbà tó lè sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà. Ní yàrá ìtají, òǹkà Aldrete, tó ti wà láti ọdún 1970, ni kí ẹ lò. Ohun márùn-ún ló ń yẹ̀ wò, ìyẹn ni bí aláìsàn ṣe ń gbé apá àti ẹsẹ̀, bó ṣe ń mí, ìfúnpá rẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe dá, àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 2, ẹni tó bá sì ti gba 9 nínú 10 lè kúrò níbẹ̀.

Ìwádìí tí a ti ṣe léraléra lórí èyí fohùn ṣọ̀kan dé ìwọ̀n kan. Desflurane ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú sevoflurane nínú ojú lílà àti túùbù yíyọ, sevoflurane náà sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú isoflurane. Nígbà tó bá fi máa di ìgbà tí aláìsàn ń múra àtilọ sílé, ìyàtọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ohun tó sábà ń dá aláìsàn dúró ni ìrora, èébì, òtútù, morphine (oògùn apàrora) tó pọ̀ jù, àti oògùn amẹ́randẹ̀ tí kò tíì tán lára. Bí ẹ̀rọ tó ń ta iṣan ọwọ́ bá wà, kí ìṣirò train-of-four rẹ̀ (agbára ìtapá kẹrin sí ti àkọ́kọ́) tó 0.9 kí ẹ tó yọ túùbù. Ẹ wo èyí, ẹ wo CO2, ẹ wo ooru ara rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé oògùn oorun ni kò jẹ́ kó jí.

Pípa vaporizer náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tuntun bá kéré nínú ẹ̀rọ, pípa vaporizer nìkan kò lé oògùn jáde kíákíá, nítorí aláìsàn yóò ṣì máa mí èyí tó ti jáde tẹ́lẹ̀ padà wọlé. Nígbà tí a bá fẹ́ kí ó jí, a ó pa vaporizer, a ó sì gbé ọ́síjìn sókè sí líítà 6 sí 10 ní ìṣẹ́jú kan. Isoflurane la lè pa nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Desflurane lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń rán ihò tó gbẹ̀yìn.

Èébì tọ́ sí ìpínrọ̀ tirẹ̀, nítorí òun ni aláìsàn máa ń rántí. Gbogbo oògùn oorun àfàsímú ló ń fa èébì láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́, kò sí èyí tó yàtọ̀ gidi láàárín wọn. Ohun mẹ́rin ni a fi ń díwọ̀n ewu náà: kí aláìsàn jẹ́ obìnrin, kó má máa mu sìgá, kó ti máa bì nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rí, àti kí a máa fún un ní morphine tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún; ẹni tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní nǹkan bí ìdá 80. Obìnrin tó wá yọ àpò òróòro sábà máa ń ní méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn. Fún irú wọn, dexamethasone mg 4 sí 8 lẹ́yìn tí oorun bá ti gbé e lọ, àti ondansetron mg 4 nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí lọ, ń ṣe ju kí a fi oògùn oorun kan rọ́pò èkejì lọ. Bí ewu náà bá ga jù, ẹ fi propofol tí a ń fà sí òpó ẹ̀jẹ̀ nìkan gbé oorun náà ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìrora èjìká tó máa ń yọ aláìsàn lẹ́nu lọ́jọ́ kejì wá láti ara CO2 tó ṣẹ́ kù lábẹ́ àyà. Ẹ rán oníṣẹ́ abẹ létí pé kó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, kó sì fi bupivacaine, oògùn tó ń pa ìmọ̀lára ojú ibẹ̀ kú, sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí ìwéra kò kàn

Ẹni tí ara rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀ ti gbóná janjan lábẹ́ oorun rí, àìsàn tí a ń pè ní malignant hyperthermia, kò gbọdọ̀ gba ọ̀kankan nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Propofol ni tirẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée, sevoflurane ló yẹ ẹ́, kí desflurane jìnnà sí i. Ọmọdé tí a ó fi ìbòjú bẹ̀rẹ̀ oorun fún, sevoflurane náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè jí tẹkún-tariwo. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ ṣáájú kí àyà rẹ̀ má bàa já. Ẹni tó sanra gan-an tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ yóò gùn ni desflurane wúlò fún jù, níbi tó bá wà.

Ó sì ń dínkù níbi tó wà. Desflurane ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 2,500 ju ìwọ̀n CO2 kan náà lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti isoflurane jẹ́ nǹkan bíi 500, ti sevoflurane sì jẹ́ nǹkan bíi 130. Scotland dá desflurane dúró ní ọdún 2023, England tẹ̀lé e ní 2024, European Union sì fi òfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, àfi níbi tí ìtọ́jú bá béèrè rẹ̀ dandan. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Bírítéènì ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí láìsí i, ọwọ́ wọn kò sì ká.

Fún ẹni tó wà ní tíátà lọ́dọ̀ wa lónìí, ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò bá a pinnu. Bí sevoflurane bá wà, òun ni kó mú. Bí isoflurane ló wà, kó mú un láì bẹ̀rù, kó kàn tètè máa pa á. Bí ó bá jẹ́ halothane nìkan, kó bi aláìsàn bóyá wọ́n ti fún un rí láàárín oṣù mẹ́ta, kó fi atropine sí àrọ́wọ́tó, kó bá oníṣẹ́ abẹ ṣàdéhùn pé afẹ́fẹ́ ikùn kò ní kọjá mmHg 12, kí wọ́n má sì fi adrenaline pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n máa gún sí ojú ihò. Kó máa wo CO2 òpin ìmí kó má kọjá 45. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń wọn CO2 rárá, kí wọ́n la ikùn aláìsàn náà bí a ṣe ń ṣe é látijọ́, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ náà wà.